Ẹranko lè pọ̀ padà, àmọ́ jíìnì tó ti sọnù kì í bá wọn padà

Bí ẹranko kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán, tó wá tún gbilẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ewu ti kọjá. Ẹ má tíì jó o. Iye ló padà; jíìnì, ìyẹn ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, lè má padà.

Ẹ wo northern elephant seal, ẹran omi ńlá kan ní etíkun California àti Mẹ́síkò. Àwọn ọdẹ pa á nítorí ọ̀rá rẹ̀, débi pé nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi ń parí lọ, àwọn tó kù ò ju 100 lọ. Lónìí wọ́n ti lé ní 200,000. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Bonnell àti Selander gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí prótéènì ara ẹran 159 nínú wọn jáde ní 1974 (jíìnì ló ń pinnu bí prótéènì ṣe rí), nínú jíìnì 24 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ẹran kan sí èkejì.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ẹran kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹ̀dà méjì jíìnì kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ẹran 10 péré bá yè, ẹ̀dà 20 ló kù. Irú jíìnì tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ 5 nínú 100 tẹ́lẹ̀, lè má sí nínú 20 yẹn rárá: 0.95 ní ìsọdipúpọ̀ ìgbà 20, ìyẹn bí ìdá 36 nínú 100. Bí kò bá ti sí níbẹ̀, wọn ì báà bí mílíọ̀nù kan, kò sẹ́ni tó máa jogún rẹ̀. Jíìnì máa ń yí padà lóòótọ́, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìran ló ń gbà kó tó dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni pé bí iye bá ṣe kéré tó nìkan ló ń pinnu àdánù. Bó ṣe pẹ́ tó ńkọ́? Ní ìran kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀dà méjì náà ń dín kù ní ìdá 1/(2N); N dúró fún bí àwọn tó ń gbé jíìnì lọ sí ìran tó kàn ṣe pọ̀ tó. Ẹran 2 fún ìran kan ṣoṣo: ìdá 75 nínú 100 ṣẹ́ kù. Ẹran 10 fún ìran 10: ìdá 60 péré. (Irú jíìnì tó ṣọ̀wọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ṣá, ẹran 2 ò lè gbé ju ẹ̀dà 4 lọ.)

N yìí kì í sì í ṣe iye orí tí a kà lásán. Bí akọ 1 bá ń gun abo 9, 4 × iye akọ × iye abo ÷ àpapọ̀ wọn ni a máa ṣírò: 4×1×9÷10, ìyẹn 3.6, kì í ṣe 10. Bí elephant seal sì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn: akọ kan á gba ọ̀pọ̀ abo mọ́ra.

Ohun tó ń yára ṣiṣẹ́ ni kí a mú jíìnì wá láti ibòmíràn. Ní 1995, wọ́n kó abo puma (ẹranko ajẹran tó jọ ológbò ńlá) 8 láti Texas lọ bá Florida panther, ìyẹn puma ti Florida, tó ti ń ní ìrù kíká, àbùkù ọkàn àti kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀. 5 nínú wọn ló bímọ, àwọn àbùkù yẹn sì dín kù lára àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn abo Texas tó ṣẹ́ kù kúrò, kí jíìnì tiwọn má bàa bo ti onílé mọ́lẹ̀.