Ọkọ̀ kékeré ni ká kọ́kọ́ ṣe

Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni ọkọ̀ tí bàbá mi kọ́kọ́ rà. Tíṣà ni wọ́n nígbà náà. Ìjọba ló yá wọn lówó, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀ látinú owó oṣù. Ní Ojo l'Ékòó ni wọ́n ti to ọkọ̀ yẹn, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ọdún kan náà tí ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ẹ wò ó: tíṣà lásán, ọkọ̀ tuntun! Èmi náà ń gba owó oṣù l'Óṣogbo lónìí, apá mi ò ká tòkunbọ̀ tó ti lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré, tí mo wọ̀ láti Old Garage lọ sí Òkè-Fìà ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ẹ́ńjìnnì 660 cc ló ń gbé gbogbo wa, pẹ̀lú àpò gàrí méjì. Òfin Japan ló bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1949 ni wọ́n ti ya ọkọ̀ kékeré sọ́tọ̀, tí wọ́n dín owó orí rẹ̀ kù, kí ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè rà á. Bí ilé iṣẹ́ wọn ṣe rí oníbàárà nílé nìyẹn.

Íńdíà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1982, ìjọba wọn dara pọ̀ mọ́ Suzuki, wọ́n sì gbé Maruti 800 jáde ní 1983. Ẹ̀yà tí wọ́n kó wá láti Japan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n ń fi ti ilé rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tó dá a dúró ní 2014, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì tí wọ́n tà.

Ibẹ̀ gan-an làwa ti kọsẹ̀. À ń tò ó, a ò ṣe ẹ̀yà rẹ̀ tó. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó tí wọn yóò fi kó ẹ̀yà wọlé di ọ̀wọ́n. Ètò tí ìjọba wa ṣe lórí ọkọ̀ ní 2013 wá sọ owó bodè àti àfikún rẹ̀ lórí ọkọ̀ tuntun di 70 nínú 100. Ó dáa, àmọ́ ta ló yá tíṣà lówó? Jíìpù àti bọ́ọ̀sì tí ìjọba ń rà kò lè gbé ilé iṣẹ́ ró.

Òṣogbo ni wọ́n dá Machine Tools sí ní 1980, láti máa ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe ẹ̀rọ. Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rántí. Iṣẹ́ yẹn ò kúkú tán lọ́wọ́ wa. Ọmọkùnrin kan wà lọ́nà Ìkìrun tó ń fi lathe ha irin. Ó ṣe búṣì kan fún mi lóṣù tó kọjá, ó sì wọlé rẹ́gí. Mo bi í bóyá ó lè ṣe ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí iná ṣáà ti wà.”