Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lóru, ẹ ní ẹ̀ ń ṣọ́wó ná?

Inú bí mi láàárọ̀ yìí. Lórí rédíò níbí ní Ìlọrin, ọ̀gbẹ́ni kan ń ṣàlàyé pé bí ìjọba bá gba nọ́ọ̀sì púpọ̀, owó oṣù wọn ló máa jẹ owó títì tán. Atọ́kùn ètò ń dáhùn pé òótọ́ ni. Òótọ́ wo?

Ẹni tí kò bá sun ọsibítù rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ìjọba kan lápá gúúsù Kwara, èmi ni mo dúró tì wọ́n. Tó bá ti di alẹ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́ kù ní wọ́ọ̀dù. Òun ló ń gún abẹ́rẹ́, òun ló ń yẹ ìfúnpá wò, òun ló ń kọ fáìlì. Bí iná bá lọ, á fi àgbọ̀n àti èjìká há fóònù tó ti tan tọ́ọ̀ṣì ẹ̀, á máa kọ ọ́ lọ.

Lóru ọjọ́ kan, omi tí wọ́n fà sí àǹtí mi lára tán, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun inú rọ́bà bọ̀ lókè. Mo figbe ta: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí!" Ó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni ìyá àgbà kan tó wà nídìí fèrèsé kò lè mí dáadáa mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá ló yà sí. Ó wá ń pariwo sí mi látọ̀hún-ún: "Ẹ yí nǹkan kékeré ara rọ́bà yẹn wálẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́!" Èmi tí mò ń ta aṣọ ni mo di nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn ẹbí aláìsàn mìíràn ń bú u pé ó ń kanra. Ta ni kò ní kanra?

Owó tí ìjọba ní òun ò ná, àwa là ń ná an. A ó ti ṣọ́ọ̀bù wá ṣọ́ aláìsàn. Egbò tí wọn ò rí àyè wẹ̀ lásìkò á kẹ̀, oògùn tuntun, owó bẹ́ẹ̀dì tuntun. Lọ́dún 2002, Linda Aiken, onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà: aláìsàn kan péré tí wọ́n bá fi kún ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan, ewu ikú àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ń fi ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Láti 2004 ni ìpínlẹ̀ California níbẹ̀ ti ń fi òfin de iye aláìsàn tí nọ́ọ̀sì kan lè mójú tó.

Ẹ máa ní Kwara kì í ṣe Amẹ́ríkà. Mo gbà. Nọ́ọ̀sì méjì lóru ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí owó ẹ̀ ò tó ti nọ́ọ̀sì, tí á máa yí aláìsàn, tí á máa gbé fáìlì.

Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú ni pé, bí wọ́n bá gbà wọ́n lọ́la, ṣé wọ́n á dúró? Lọ́dún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate tó jẹ́ mínísítà ìlera sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, bẹ́ẹ̀ owó tá a fi ń kọ́ ẹyọ kan lé ní dọ́là 21,000. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń jápa. Ṣé owó oṣù ló ń lé wọn lọ ni, àbí dídá nìkan ṣiṣẹ́ mọ́jú? Bó bá jẹ́ owó, Kwara ò lè san iye tí ìlú òyìnbó ń san láéláé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, èwo ni nínú méjèèjì?