Okùn Mẹ́fà, Orin Kan

Bí ẹ bá rí i lórí WhatsApp ẹni tó ń ta béèsì nínú ìjọ kan ní Òṣogbo pé, "Ẹ bá mi yọ̀ o, Olúwa ti fi ọmọ tuntun jíǹkí ilé wa," ẹ má tíì kí i kú ewu. Ẹ jẹ́ kí àwòrán kejì kọ́kọ́ jáde. Ìyá ìyàwó bùrọ̀dá kan ní Alékùwodò kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ìkìrun ni ìyá wà tí wọ́n fi ka ìkéde náà sí wọn létí. Wọ́n di ọṣẹ dúdú, wọ́n di òrí, wọ́n di kànìnkànìn tuntun méjì, wọ́n wọkọ̀, wọ́n ń dárin ọpẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n bá lórí bẹ́ẹ̀dì, tí bùrọ̀dá fi aṣọ funfun wé títí dé ọrùn, gìtá béèsì ni, irú èyí tó ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ orin. Olókùn márùn-ún. Oyún kankan kò sí nínú ọmọ wọn. Ìbínú ló wà níbẹ̀, ó sì ti tó oṣù mẹ́sàn-án.

Àṣà tó gbòde nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ di oníbéèsì á kọ́kọ́ lọ fara mọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, á máa bá a ru ámpù, àpótí tó ń gbé ohùn gìtá jáde, láti Òkè-Fìà dé Òkè Baálẹ̀, á máa yọ́ fọwọ́ kan gìtá ìjọ nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá lọ jẹun. Nísinsìnyí, ríra ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Wọ́n á gba àjọ, wọ́n á yá owó kọ́píréétífù lé e, wọ́n á ra gìtá, wọ́n á ra àpò rẹ̀, wọ́n á ra irin tí wọ́n ń gbé e kọ́, wọ́n á sì ra jígí dúdú tí wọ́n máa wọ̀ nínú ilé ìjọsìn tí iná ti lọ. Ó di ìgbà tí owó bá tán pátápátá kí wọ́n tó rántí béèrè pé ibo ni "dò" wà. Ìlú tí Dúró Ládípọ̀ ti dá ilé àṣà àti iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962 nìyí o, tí àwọn ọ̀dọ́ tó kóra jọ síbẹ̀ fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ṣe iṣẹ́ ọnà tí ayé ń wá rà. Tiwa kọ́ ló ń di rírà mọ́; àwa là ń rà.

Ẹni tó dá wàhálà yìí sílẹ̀, Leo Fender, rédíò ló ń tún ṣe ní California. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ní 1951 ó gbé béèsì kan jáde tó sọ ní Precision, olókùn mẹ́rin, kí oníbéèsì lè bọ́ lọ́wọ́ béèsì onígi gàgàrà tó ga ju ẹlòmíràn lọ, èyí tí wọ́n ń wọ́ kiri láti òde dé òde. Lójú ti ọkùnrin náà, ó ń dín ẹrù kù ni. Kò mọ̀ pé Òṣogbo wà.

Wọ́n tún máa ń dárúkọ James Jamerson, oníbéèsì ará Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fẹ́ kí ìyàwó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí Jamerson fi ta èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Precision ti ọdún 1962 kan ni, okùn mẹ́rin, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Kì í pààrọ̀ okùn àfi èyí tó bá já. Bí Jamerson bá yọ sí ìjọ kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lónìí, ọ̀gá akọrin á ní kó lọ jókòó sẹ́yìn, kó máa fojú kọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ṣe é.

Ká tiẹ̀ fi òyìnbó sílẹ̀. Kí ni àwọn baba wa fi ń ta béèsì? Agídìgbo ni. Àpótí onígi, ahọ́n irin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n dè mọ́ ojú rẹ̀. Òun ló ń dún lábẹ́ àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fi ń rí ilẹ̀ tẹ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí pé alágídìgbo kan kọ òde sílẹ̀ nítorí pé ahọ́n kẹfà òun ṣì wà lójú òkun, ó ń bọ̀ láti Ṣáínà.

Ọ̀rọ̀ okùn karùn-ún gba ká fìdí jókòó. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lára olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Karùn-ún tí wọ́n fi kún un ń gbọ̀n ní ìgbà 31. Etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ọ, bí spíkà bá lè sọ ọ́. Spíkà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ kéékèèké wa, ìwàásù ni wọ́n rà á fún. Bí ẹ bá fi okùn karùn-ún ràn án níṣẹ́, spíkà ò ní fọhùn, páànù òrùlé ni yóò dá yín lóhùn. Ẹni tó ń ta kíbọ́ọ̀dù ò sì ní jẹ́ kí ẹ gbádùn rẹ̀, torí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ láti àárọ̀, ó ń ta béèsì tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Àwọn méjèèjì á wọ̀yá ìjà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ìjọ á rò pé jẹnẹrétọ̀ ló ń dún. Lójijì adarí orin á pariwo pé, "Ẹ gbé e sókè!" Oníkíbọ́ọ̀dù á tẹ bọ́tìnì kan, ọwọ́ rẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà, orin á ti gòkè. Oníbéèsì ò ní bọ́tìnì. Òun á wá máa wá ilé kiri. Tẹ́lẹ̀, inú okùn mẹ́rin péré ló ń sọnù sí.

Kí n má parọ́, okùn karùn-ún ní àǹfààní. Bí orin bá bọ́ sí ohùn C tàbí D, ó ń jẹ́ kéèyàn lè sọ̀kalẹ̀ débi tí okùn mẹ́rin ò dé, mo sì mọ àwọn tí wọ́n rà á tí ọkàn wọn balẹ̀ títí dòní. Àmọ́ àwọn yẹn ti jẹ mẹ́rin tán kí wọ́n tó bu karùn-ún. Ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ìgbọ̀nà, tí ọmọ wọn wá tọrọ owó olókùn márùn-ún, béèrè ohun kan tí mi ò tíì rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó dáhùn rẹ̀: "Mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé o ti lò wọ́n tán ni?"

Bó bá jẹ́ àbámọ̀ tó ní èéfín lẹ ń fẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ámpù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ọ̀gá mi, ojúlówó ni, Amẹ́ríkà ló ti bọ̀." Òótọ́ ló sọ. Amẹ́ríkà ló ti bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120. Tiwa jẹ́ 230, lọ́jọ́ tó bá wà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ámpù náà, ṣùgbọ́n iwájú ni bùrọ̀dá wò, níbi tí orúkọ wà. Ọ̀sán Sátidé ni, wọ́n ń dánra wò, iná dé, gbogbo wọn hó yèè. Bùrọ̀dá ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ámpù náà sọ láyé rẹ̀: "Pòó!" Èéfín gòkè. Arábìnrin kan tó ti ń dá gbàdúrà lápá ọ̀tún rò pé ògo ti sọ̀kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tíráńsífọ́mà tí ń sọ 230 di 120 wà nígboro o, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ámpù. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń yà ní fọ́tò ni ò jẹ́ kí wọ́n rà á.

Òmíràn ni béèsì tó ń jẹ bátìrì. Bátìrì onígun mẹ́rin kékeré yẹn, oní-fóòtì 9, ló ń gbé ẹ̀rọ inú rẹ̀ ró. Bí wọ́n bá ti ki wáyà bọ gìtá, ó ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ì báà má sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bùrọ̀dá a máa fi wáyà sílẹ̀ lára rẹ̀ láti Ọjọ́ Ìsinmi títí di Ọjọ́rú tí ẹ̀kọ́ Bíbélì wà, torí ó wù ú kí ẹni tó bá wọlé rí i níbi tó dúró sí, tó jọ pé iṣẹ́ ń lọ. Ọjọ́ ìkórè dé. Bí àwọn ìyá ìjọ ṣe tò, tí wọ́n ń jó bọ̀ níwájú pẹ̀lú iṣu àti adìyẹ, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í ha, ó kógbá sílé. Wọ́n ní ọwọ́ ayé wà ńbẹ̀. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọláìyá ló wá tú bátìrì náà síta, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó ní, "Èyí ti kú tipẹ́."

Èyí tó ń dun èmi jù ni ti ọyẹ́. Igi ni gìtá. Bí ọyẹ́ bá mú, ọrùn rẹ̀ á gbẹ, á nà sẹ́yìn díẹ̀, okùn á wá máa ha àwọn irin tó dábùú ọrùn, á máa dún ṣàà-ṣàà. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn yẹn, irú ọjọ́ báyìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi í síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ, ó parí. Bùrọ̀dá ò mọ̀. Ohun tó sọ ni pé gìtá òun ti darúgbó. Ó gbé e tà ní oṣù kìíní fún ọmọ UNIOSUN kan, ní owó tí kò ra àpò gìtá. Òjò dé, igi mu omi, ọrùn padà sípò, ohùn gìtá mọ́ gaara. Ọmọ náà ti ń fi í gba òde kiri. Bùrọ̀dá ti lọ jẹ gbèsè ra tuntun, ọyẹ́ tó ń bọ̀ sì ti ń béèrè àdúgbò tó ń gbé.

Mo rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ẹ wo òde kan ní Ògo-Olúwa lọ́jọ́ Sátidé. Owó ń já lu olórin níwájú orí. Onídùndún yọ orúkọ baba alága, wọ́n lẹ owó mọ́ ọn lára. Oníbéèsì dúró sẹ́yìn, níbi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ ti kọjá, òun ló gbé gbogbo ijó yẹn ró, ẹni tó ń jó ò sì mọ̀ pé ó wà láyé. Bó bá ṣíwọ́ ni wọ́n á mọ̀ pé nǹkan kan ti kù. Èèyàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá, bó bá rí gìtá tí iná àwọ̀ búlúù ń tàn lọ́rùn rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó rà á. Wọ́n sì wò ó lóòótọ́, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n rò pé òun ló ń tún iná ṣe.

Kì í ṣe pé kò sí ohun tó ń tẹ́ wọn lọ́rùn. Bẹ́líìtì gbòòrò wà, tí kì í jẹ́ kí éjìká bó nínú ìsìn wákàtí mẹ́rin. Wáyà gidi kan tí kì í ké. Túnà kékeré tí wọ́n ń há mọ́ orí gìtá, tó ń sọ bóyá okùn wà ní ohùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbé àwọn wọ̀nyẹn sórí WhatsApp, kò sì sí ẹni tó ń tà wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ ra túnà fún oníbéèsì wọn, orin Ọjọ́ Ìsinmi náà sì dùn débi pé àwọn alàgbà ń béèrè ibi tí wọ́n ti rí ọmọ tuntun yìí gbà.

Ti pẹ́dà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, mi ò fẹ́ fa á gùn. Oríṣiríṣi ohùn ló kún inú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni bùrọ̀dá ń lò. Ìkejì máa ń jáde fúnra rẹ̀, nígbà tí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bá fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ lásìkò àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bùrọ̀dá kan ní Òkè-Fìà tó ra olókùn mẹ́fà, tó sì fi ta orin kan náà láti ọjọ́ tó ti rà á, ti gbé e síta báyìí. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán ni pé: "Gìtá béèsì olókùn mẹ́fà, ó mọ́ tónítóní. Okùn méjì nínú rẹ̀ ló gbó díẹ̀. Mẹ́rin tó kù, bí wọ́n ṣe ti inú páálí jáde náà ni wọ́n ṣì wà." Mo pè é, mo ní ṣé ó ti fẹ́ padà sí mẹ́rin ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ọ̀kan tí wọ́n fa gbogbo irin ọrùn rẹ̀ yọ, tí ọrùn náà dán gbinrin, irú èyí tí Jaco Pastorius, oníbéèsì ará Amẹ́ríkà, fi ṣe orúkọ. Mo ní, báwo ni yóò ṣe wá mọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà, nígbà tí kò sí irin tó máa fi í hàn án?

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ní irin yẹn náà, ṣé mo mọ ibẹ̀ ni?"