Ìjì Beryl ń bọ̀: àwa tí a jìnnà sí òkun, ká sá ni àbí ká dúró?

Ìyá Ìbejì Katy: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú o, ẹ̀yin ará Houston. Ní Ọjọ́bọ̀ tí a ń sun ẹran ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, apá ààlà Mexico ni wọ́n ní Beryl kọjú sí. Ó tún di Corpus Christi. Lónìí, 7 Oṣù Keje 2024, wọ́n ní ẹ̀bá Matagorda, létíkun Texas níbí, ni yóò ti gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń le jù, la sì wà. Katy ni mò ń gbé, ó lé ní 60 máìlì sí òkun, ìjọba ò ní ká kúrò nílé. Àmọ́ màmá mi wá láti Ìbàdàn, ẹ̀rọ ọ́síjìn oníná ni wọ́n fi ń sùn. Bàbá Ìbejì ní kò síbi tí a ń lọ. Èmi fẹ́ gbé màmá lọ sí Dallas lálẹ́ yìí. Ẹ dá sí i.

Bàbá Sugar Land: Ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kátẹ́gọ́rì 5, ipò tó le jù lọ, ni Beryl yìí, kò sí ìjì Àtìláńtíìkì kankan nínú àkọsílẹ̀ tó tíì tètè dé ipò yẹn láàárín ọdún bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ti gba orí ilẹ̀ Yucatán kọjá, ó ti rọ̀. Omi òkun tó gbóná ló ń fún un lágbára. Tó bá ti gorí ilẹ̀, ó tán. Kátẹ́gọ́rì 1 ni wọ́n ń retí. Ìjì Ike tó jẹ́ Kátẹ́gọ́rì 2 bá mi nínú ilé yìí ní 2008, mo jí, mo jẹun. Ìjì kì í jà kó gbé ọlọ.

Ẹlẹ́rìí Rita: Ẹ dúró sílé, Ìyá Ìbejì. Mo wà níbẹ̀ ní 2005 tí ìjì Rita ń bọ̀. Ìjì Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ ba New Orleans jẹ́ ni, jìnnìjìnnì mú gbogbo wa, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2 dà sójú títì, títí kan àwa tí omi òkun ò lè dé ọ̀dọ̀ wa láéláé. Ọkọ̀ dúró gbagidi lórí I-45, ọ̀nà Houston sí Dallas. A pa AC kí epo má bàa tán, ó sì tán náà. Bọ́ọ̀sì tó kó àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú gbiná nítòsí Dallas, sílíńdà ọ́síjìn inú rẹ̀ ń bú gbàmù, 23 ló bá a lọ. Ẹ gbọ́ o: ọ́síjìn, lójú ọ̀nà. Rita alára yà sí ẹ̀gbẹ́ Louisiana. Àwọn tó kú lórí ìrìn yẹn pọ̀ ju àwọn tí ìjì fọwọ́ ara rẹ̀ pa lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé omi là ń sá fún, afẹ́fẹ́ là ń fara pamọ́ fún.

Agégi Cypress: Bàbá Sugar Land, ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ kọ́ la ń bẹ̀rù, igi ni. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan di ìlọ́po mẹ́rin. Ti pé a jìnnà sí òkun náà, ẹ má gbára lé e. Ìjì Hugo gúnlẹ̀ lẹ́bàá Charleston, létíkun South Carolina, ní 1989, ó sì ń fa igi tu ní Charlotte, nǹkan bí 200 máìlì sínú ilẹ̀, torí pé eré ló ń sá. Kò dúró kí ilẹ̀ gba agbára rẹ̀. Àwa pàápàá, ìjì 16 Oṣù Karùn-ún tó fọ́ fèrèsé àwọn ilé gogoro àárín ìlú ti mi gbòǹgbò igi wa tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ka tó ya lọ́jọ́ yẹn ṣì há sókè lọ́pọ̀ ilé, mo ń rí wọn lójoojúmọ́.

Ẹ jáde lọ wo ìdí igi yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ilẹ̀ bá ti sán lápá kan, tí apá kejì sì wú díẹ̀, gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá òkè tí igi páìnì ń wò láti ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀ ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Èmi wà lára àwọn tí yóò sùn sọ́sípítù títí ìjì yóò fi kọjá. Báàgì mi ti wà nínú mọ́tò: aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta, gààrí, kúlíkúlì. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ẹ̀yin ọkùnrin ń fò. Afẹ́fẹ́ wákàtí mélòó kan kọ́ ni wàhálà aláìsàn, iná ni. Lẹ́yìn Ike, ó lé ní mílíọ̀nù 2 ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná lọ níbẹ̀, àwọn kan ò sì rí i fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Oṣù Keje rèé, ẹ mọ bí ooru Houston ṣe ń hó. Ẹ̀rọ ọ́síjìn ò mọ Kátẹ́gọ́rì kan: iná wà ni, tàbí kò sí. Ìyá Ìbejì, sílíńdà mélòó lẹ ní nílé?

Ìyá Ìbejì Katy: Kékeré kan ṣoṣo. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe àwọn tó ń gbé e wá, orin ni wọ́n ń fi sí mi létí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ ti dá ara yín lóhùn.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ jọ̀ọ́ o! Àwa tí NEPA tọ́ dàgbà la ó máa sá nítorí iná? Ìyá Ìbejì, mo lè gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ mi kékeré wá. Ẹ gbé e sí gáráàjì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, ó parí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Gáráàjì kẹ̀? Àbúrò, ilé Òkè-Àdó ń gba afẹ́fẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Ilé Texas dí pa nítorí AC. Èéfín tó ń pani nínú jẹ́nẹ́rétọ̀ kò ní òórùn, sísùn ni gbogbo ilé yóò sùn lọ. Ní Oṣù Kejì 2021 tí òtútù pa iná káàkiri Texas, àwọn èèyàn gbé ẹ̀dú àti jẹ́nẹ́rétọ̀ wọlé, àwọn kan ò jí mọ́. Ìta ni, ó kéré tán 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣé ìwọ lo máa dúró nínú ìjì tan án fún màmá lágogo mẹ́rin ìdájí?

Wòlíì Alief: Ẹni tó bá ìjì wí lórí òkun Gálílì ò kú. Beryl yóò yà!

Àǹtí Pearland: Àmín, Wòlíì. Kí ẹ tó wọ ìṣọ́ òru, ẹ bá wa wo ilẹ̀kùn gáráàjì yín, torí tí afẹ́fẹ́ bá ti já ibẹ̀ wọlé, òrùlé ló kàn. Ẹni tó ń lẹ téèpù mọ́ fèrèsé, ẹ tọ́jú téèpù yín, kò dá nǹkan kan dúró. Ẹ sì yẹ ìwé ìnṣọ́ránsì wò, ti ìjì dá yàtọ̀. Bí wọ́n bá kọ 2% síbẹ̀, tí ilé jẹ́ $350,000, ẹ̀yin lẹ máa san $7,000 àkọ́kọ́.

Awakọ̀ I-10: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti San Antonio dé, ọ̀nà dán. Ẹlẹ́rìí Rita, gbogbo ìlú ló jáde lọ́jọ́ tiyín; lónìí kò sẹ́ni tó ń sá. Àǹfààní tó wà nínú kí aláìsàn nìkan lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Dallas kọ́, Ìyá Ìbejì. Tí Beryl bá gúnlẹ̀ tán, ìlà-oòrùn Texas ni wọ́n ní yóò gbà gòkè, I-45 ni yóò máa bá yín dọ́gba. Ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ kọjú sí. Wákàtí mẹ́ta péré sí San Antonio. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹlẹ́rìí Rita: Àwọn arọ inú bọ́ọ̀sì yẹn náà gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Awakọ̀ I-10: Wọ́n gbọ́ ọ pẹ̀lú mílíọ̀nù 2 èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, sà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Bàbá Sugar Land: Ẹ ó sì gbé ìyá àgbà jókòó sọ́kọ̀ lóru nítorí Kátẹ́gọ́rì 1. Ó dáa.

Ìyá Ìbejì Katy: Màmá ti dá a. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Wọ́n ní nígbà Omíyalé Ògùnpa, Oṣù Kẹjọ 1980, ẹni tó ń sọ pé ojoojúmọ́ lòjò ń rọ̀ n'Ìbàdàn, òkú rẹ̀ ni wọ́n wá kiri. Wọ́n ti wọ bàtà. San Antonio ni, èmi, màmá àti àwọn ìbejì. Bàbá Ìbejì dúró ti ilé.

Bàbá Sugar Land: Omi nìyẹn, afẹ́fẹ́ lèyí.

Ìyá Ìbejì Katy: Ẹ wá bá wọn sọ ọ́ fúnra yín, sà.

Ẹlẹ́rìí Rita: Èmi ò tíì gbà o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lọ, ẹ rọ epo kún, kí sílíńdà má wà níbi tí yóò gbóná tàbí tí yóò máa yí kiri, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ pè wá tí ẹ bá dé Columbus lójú ọ̀nà.

Agégi Cypress: Bàbá Ìbejì, ẹ gbé mọ́tò kejì kúrò lábẹ́ igi.

Bàbá Ìbejì Katy: Mo ti ń gbé e. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ṣì ń ta yìnyín? Odindi ewúrẹ́ ló wà nínú fíríìsà yìí.