Ẹni tí iná jó gan-an gbọ́dọ̀ jẹun o
Nínú àpilẹ̀kọ yín nípa ẹni tí iná jó, ibi tẹ́ ẹ ti ní kó máa jẹ oúnjẹ díẹ̀ títí egbò á fi jinná yẹn ò dáa rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un ṣe. Iná jó àbúrò mi, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì apá ẹ̀ ti rù débi pé báńdéèjì ń yọ̀ bọ́ fúnra ẹ̀. Dókítà ní ara tó jóná lè máa lo agbára tó ìlọ́po méjì, tóúnjẹ ò bá tó, iṣan ara ló máa jẹ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kì bọ imú ẹ̀, oúnjẹ olómi ń kán wọlé tọ̀sán-tòru, púrótéènì nìkan tó gíráàmù 1.5 sí 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara ẹ̀ wọ̀n lójúmọ́. Ẹnì kan náà kọ ọ́ sábẹ́ àpilẹ̀kọ yẹn pé tẹ́ni tí iná jó bá ti kúrò lọ́síbítù ó parí, rárá o, ó lè lé lọ́dún kan kí agbára tí ara ń lò yẹn tó wálẹ̀.