Fìríísà ni Àǹtí mi ń bèèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pe Àǹtí mi tó wà n'Íbàdàn kẹ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé inú fìríísà lèmi gan-an ń gbé.

St. John's ni mo wà, ní Newfoundland, ìpẹ̀kun Kánádà, ibi tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá kọsẹ̀ pẹ́nrẹ́n inú òkun Àtìláńtíìkì lẹ máa bá ara yín. Aago wọn ò tiẹ̀ jọ ti ẹnikẹ́ni, ààbọ̀ wà nínú ẹ̀, wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni Nàìjíríà fi ń ṣíwájú wa nígbà òtútù. Àǹtí mi ò gbà. Aago mẹ́fà àárọ̀ tiwọn ni wọ́n máa ń pè, aago kan àtààbọ̀ òru lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní "O ṣì ń sùn? Ọ̀lẹ!"

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kìíní 2020 ni ìjì yìnyín yẹn kọlù wá. Ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 76 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń sáré ju 120 kìlómítà lọ ní wákàtí, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Battery lẹ́bàá òkun, yìnyín já látorí òkè wọ ilé onílé. Ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má wa mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù tì pa, wọ́n kó sójà wá. Lọ́dọ̀ tiwa, tí sójà bá dé ẹsẹ̀ lèèyàn ń fi fún un, níbí ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé lọ́wọ́ tí wọ́n ń lanà fún ìyá arúgbó!

Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé, ògiri funfun ló kí mi káàárọ̀, àpá ilẹ̀kùn mi wà lára ẹ̀ rekete tòun ti ihò kọ́kọ́rọ́. Ìrẹsì ti tán nílé. Mo bá kó gbogbo aṣọ tí mo ní wọ̀, mo wá fi agbádá ìgbéyàwó mi lé e, mo gba ojú wíńdò bẹ́. Yìnyín yẹn ò gbé mi dúró o, ó gbé mi mì ni, títí dé àyà, atẹ́gùn sì kó sínú agbádá, ó fẹ́ gbé òkè lọ, ẹsẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Ìyá òyìnbó òdìkejì, tí wọ́n lé lọ́gọ́rin ọdún, ló gbé ṣọ́bìrì wá, wọ́n ń wà mí bí ẹni ń wa iṣu, wọ́n ń pè mí ní "my love."

Inú ihò yẹn ni fóònù ti dún. Àǹtí mi. Fídíò.

"Háà, ibẹ̀ yín mà dáa o! Fìríísà tí mo fi ń tajà ti bàjẹ́."

Mo ní Àǹtí, yìnyín ti bò mí dé àyà.

"Ṣé ìwọ náà rí i? O ní tó báyìí, èmi ò rí bíńtín fi sí mínírà!"

Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni mo rówó màlúù, mi ò rí àyè lọ, orí fídíò ni mo ti wo ìsìnkú, ẹni tó di fóònù mú ń fi kámẹ́rà wo kúlà ìrẹsì. Wọ́n sin bàbá mi, mi ò rí ibojì. Ẹran ni mo rí. Títí dòní ẹnì kan ò ya fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ n panu mọ́ jàre, ẹni bá sunkún níbí ojú ẹ̀ á dì pa.

Ọjọ́ mẹ́jọ nìlú fi wà lábẹ́ òfin pàjáwìrì, nígbà tí wọ́n sì gbà kí ṣọ́ọ̀bù ṣí fúngbà díẹ̀, ìlà tí mo rí, mo rò pé bẹntiróòlù ni wọ́n ń tà.

Mo fowó fìríísà ránṣẹ́ ṣá. Aago kan àtààbọ̀ òru, fóònù dún, àdúrà rọ̀ bí òjò. "Ó dé o! Ó ń dán! Ó wá ku jẹnẹrétọ̀, wọn ò múná wá láti oṣù tó kọjá."

Mo ní Àǹtí, ẹ gbé e wá síbí, kò ní nílò iná.

Wọ́n ní ó dáa, kí n fowó ọkọ̀ ránṣẹ́.