Àgbọn kò pọ̀ sí i, owó ló pọ̀

Bí alájọ kan ní ọjà Àgbálátà bá kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà sínú káàdì ẹni tí kò dá kọ́bọ̀, ariwo yóò ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú ẹ̀ ni CBN, báńkì àpapọ̀ wa, ṣe fún ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni ò pariwo ní Badagry.

Àwọn èèyàn ní ìjọba “ń tẹ owó”. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ́ nìyẹn. Bí ìjọba bá ta bọ́ńdì, ìyẹn ìwé gbèsè, fún báńkì tàbí fún àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, owó tó ti wà nílẹ̀ ló yá: ó kúrò lápò ẹnì kan, ó bọ́ sápò ìjọba. Ṣùgbọ́n bí CBN bá yá a lówó, wọ́n kàn kọ nọ́ńbà sínú àkáǹtì ni, owó tí kò sí lánàá sì dáyé lónìí. Owó oṣù àti owó kọngílá á jáde, gbogbo rẹ̀ á dà sọ́jà. Àgbọn tó wà lórí igbá ò sì fi ẹyọ kan lé sí i, torí náà owó rẹ̀ á gbówó lórí.

Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun létíkun wa. Láyé owó ẹyọ, láti erékùṣù Maldives ni àwọn ẹyọ kéékèèké tí àwọn baba ńlá wa ń ná ti wá. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì rí ẹyọ ńláńlá tí kò wọ́n rárá ní Zanzibar. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá ra epo pupa lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn ẹyọ 20,000, ẹrù odindi alágbára kan ni. Ó ń laágùn gbé e dé ọjà, ohun tó sì ń rà bọ̀ ń kéré sí i lọ́dọọdún.

Àwọn tó ṣe òfin CBN lọ́dún 2007 mọ ewu yìí. Ẹ̀ka 38 gba ìjọba láàyè láti mú àwìn bí owó tó ń retí bá pẹ́ kó tó dé, ìyẹn ò burú. Àmọ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, kó sì san án kí ọdún tó parí. Tí kò bá san án, kò gbọdọ̀ gba òmíràn. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fi kọ̀wé sí àwọn aṣòfin lóṣù Kejìlá 2022, àwìn náà ti di tírílíọ̀nù náírà 22.7. Lóṣù Karùn-ún 2023, wọ́n fọwọ́ sí i pé kó di gbèsè ogójì ọdún, pẹ̀lú èlé ìdá 9 lọ́dún. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún fọwọ́ sí tírílíọ̀nù 7.3. Oṣù Kejì 2024 ni Sẹ́nétì wá ní àwọn fẹ́ wádìí bí wọ́n ṣe ná an. Wọ́n sin òkú tán kí wọ́n tó bèèrè ohun tó pa á.

A ò ní di gbogbo ẹ̀bi ọ̀wọ́n gógó ru àwìn yìí. Owó ìrànwọ́ orí epo tí wọ́n yọ àti náírà tó já wálẹ̀ lọ́dún 2023 ní ìpín tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa iná náà: kí owó tó ti pọ̀ jù lè fà sẹ́yìn, CBN gbé ìdíwọ̀n èlé rẹ̀, tí àwọn báńkì yòókù ń wò kí wọ́n tó dá èlé tiwọn, dé ìdá 27.5 lóṣù Kọkànlá 2024. Ẹ bi ìyá tó yáwó ra àgbọn léèrè iye tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba tó dá iná sílẹ̀ ń san 9, wọ́n sì fún un ní ogójì ọdún.

Kí CBN máa kéde lóṣooṣù iye tí ìjọba jẹ ẹ́. Kí àwọn aṣòfin má tún fọwọ́ sí àwìn tó ti kọjá ààlà kó tó dé iwájú wọn, kí wọ́n má sì gbé ààlà náà sókè nítorí ààrẹ kankan, ì báà jẹ́ ọmọ Èkó. Sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkó àti aṣòfin tó ń ṣojú Badagry yóò padà wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ka ẹ̀ka 38 sókè ní Àgbálátà, kí gbogbo ọjà gbọ́.